ETÍ ÌKÓKÓ: OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE FÚN ỌMỌ TÍ KÒ GBỌ́RÀN DÁADÁA

Àwọn àgbà a máa wí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìrókò ti rí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ etí ọmọ tuntun rí. Ọmọ tí a bí tí kò gbọ́ràn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti pàdánù àkókò tí kò sí ẹni tí ó lè rà á padà fún un. Ṣùgbọ́n èyí tí a tètè mọ̀ pé kò gbọ́ràn, tí àwọn òbí rẹ̀ sì tètè dìde sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, lè ní èdè bí ọmọ yòókù, yálà èdè ẹnu tàbí èdè ọwọ́. Ó lè kàwé, ó lè kọ́ iṣẹ́, ó sì lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ láìtijú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ọmọ méjèèjì yìí kì í sábà jẹ́ ti ọgbọ́n orí. Ti àkókò ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré rárá. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2021, wọ́n sọ pé àwọn ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 430 lọ ni àìgbọ́ràn ń dí lọ́wọ́ jákèjádò ayé, àti pé mílíọ̀nù 34 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Àjọ kan náà sọ pé bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò gbọ́ràn jọ, nǹkan bí 60 nínú wọn ni ìdènà wà fún ohun tí ó ba etí wọn jẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo òbí, gbogbo ìyá àgbà àti gbogbo agbẹ̀bí mọ díẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí.

ÌDÍLÉ KAN GẸ́GẸ́ BÍ ÀPẸẸRẸ

Ẹ fi ojú inú wo ìdílé kan ní àbúlé kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìdílé yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ lọ káàkiri. Bàbá ń dá oko kòkó, ìyá ń ta gààrí ní ọjọ́ ọjà, ìyá bàbá sì ń gbé pẹ̀lú wọn nínú ilé kan náà. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, ọmọ kejì wọn. Ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n bí i, ojú rẹ̀ pọ́n bí omi àgúnmu, ara rẹ̀ náà sì pọ́n. Wọ́n fi àgbo wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sínú oòrùn òwúrọ̀, nígbà tí ó sì di bí ọ̀sẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ padà di funfun. Gbogbo ilé dúpẹ́, wọ́n sì gbàgbé.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìlú ńlá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan ti béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í rí: “Ìyá, ǹjẹ́ ojú ọmọ yìí pọ́n nígbà tí ẹ bí i?” Ìyá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ní kí ó ní sùúrù kí àwọn yẹ etí ọmọ wò. Wọ́n fi ohun kékeré kan tí ó rí bí èdídí ìgò sí etí rẹ̀ níbi tí ó ti ń sùn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ṣe e tán. Nọ́ọ̀sì wí pé, “Ìyá, ẹ má fòyà o. Ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ ìdáhùn láti etí méjèèjì. Kò tíì túmọ̀ sí pé ọmọ kò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbé e padà wá.”

Nígbà tí ìyá dé ilé tí ó ròyìn, ìyá àgbà kò gbà rárá. Ó wí pé, “Ìyàwó, ọmọ yìí gbọ́ràn o! Ṣé kì í ṣe òun ni ó ta gìrì ní àná nígbà tí wọ́n ń gún iyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bàbá rẹ̀ náà, ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta kí ó tó la ẹnu.” Ìyàwó dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ìtẹríba pé, “Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jẹ́ kí á padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọkàn wa lè balẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó gba ọmọ náà là.

BÍ ETÍ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Kí a tó lè mọ ẹni tí ó jàre nínú nọ́ọ̀sì àti ìyá àgbà, ó yẹ kí a mọ ohun tí etí jẹ́. Etí tí ojú ń rí kì í ṣe gbogbo etí. Ó dàbí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìró, kí ó sì darí rẹ̀ wọ inú. Bí ìró bá wọlé, yóò lu awọ tín-ín-rín kan tí ó nà bí awọ ìlù. Lẹ́yìn awọ yìí ni egungun kéékèèké mẹ́ta wà tí wọ́n so kọ́ra wọn. Àwọn ni wọ́n kéré jù lọ nínú gbogbo egungun ara ènìyàn. Àwọn egungun wọ̀nyí yóò gbé ìmìtìtì náà dé inú lọ́hùn-ún, níbi tí ohun kan wà tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí omi sì kún inú rẹ̀. Nínú omi náà ni àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí wà. Àwọn ni wọ́n ń sọ ìmìtìtì di iṣẹ́ tí iṣan ń gbé lọ sí ọpọlọ.

Bí ìdíwọ́ bá wà ní apá òde tàbí àárín, bí ìdọ̀tí etí tí ó dí ihò, tàbí omi àti ọyún lẹ́yìn awọ, dókítà lè wò ó sàn lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwọn irun wẹ́wẹ́ inú ìgbín etí ni ó bàjẹ́, wọn kì í hù padà nínú ènìyàn. Kò sí epo gbígbóná, kò sí oje ewé, kò sì sí gbẹ́rẹ́ tí ó lè mú wọn hù. Ohun tí ó kù ni kí a ran ìwọ̀nba ìgbọ́ràn tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́, kí a sì fún ọmọ ní èdè ní ọ̀nà tí ó lè gbà á.

ÌDÍ TÍ ILÉ FI Ń ṢI ÌKÓKÓ MỌ̀

Ìyá àgbà kò purọ́. Lóòótọ́ ni ọmọ náà ta gìrì nígbà tí odó dún. Ṣùgbọ́n odó kì í dún ní etí nìkan; ilẹ̀ pàápàá a máa mì. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan lè mọ ìmìtìtì ilẹ̀ lára ẹní tí ó sùn lé. Bí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó lè mọ̀ nípa afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́ sí i lára. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣí, ó rí ìmọ́lẹ̀. Bí ìyá bá wọlé, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ a máa fi ojú àti ara ṣọ́ ilé ju ọmọ yòókù lọ, èyí ni ó sì ń tan ilé jẹ.

Ohun mìíràn ni pé ọmọ tí kò gbọ́ràn a máa ké, a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa dá ohùn bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá yá ni ìyàtọ̀ yóò hàn, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa wí pé “bàbàbà” àti “màmàmà”, tí òun kò sì ní tẹ̀ síwájú bí wọ́n ti ń tẹ̀ síwájú.

Ìdí kẹta jinlẹ̀ jù lọ, ó sì kan èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ aláìgbọ́ràn ni kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Ọ̀pọ̀ ń gbọ́ ìró tí ó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ìró tí ó tín-ín-rín bí ìró “s” àti “f”. Nínú èdè wa, ohùn ni ó ya igba sọ́tọ̀ kúrò lára igbá, tí ó sì ya ìgbà sọ́tọ̀ kúrò lára igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ohùn yìí wà lára ìró tí ó rẹlẹ̀, nítorí náà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ohùn ìyá rẹ̀, kí ó sì yíjú sí i nígbà tí ó bá pè é, síbẹ̀ kí ó má gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. Ẹ rántí dùndún. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ìlù ń gbé jáde. Olùgbọ́ ni ó ń fi ọgbọ́n orí wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ohùn náà mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbọ́ èdè tẹ́lẹ̀ ni ìlù ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ yìí kò tíì gbọ́ èdè kankan. Ìlù nìkan ni ó ń gbọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò sì sí ẹni tí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó bá dàgbà díẹ̀, wọn yóò máa pè é ní olórí kunkun, wọn yóò sì máa nà án nítorí iṣẹ́ tí a rán an tí kò jẹ́.

BÍ A ṢE Ń YẸ ETÍ ÌKÓKÓ WÒ

Ní ọdún 1978, onímọ̀ kan ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, David Kemp, fi hàn pé etí tí ó dá ṣáká kì í gba ìró nìkan. Ó ń dá ìró kékeré padà pẹ̀lú. Láti inú ìmọ̀ yìí ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì lò fún ọmọ inú àpẹẹrẹ wa. Ẹ̀rọ náà a máa fi ìró pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ sínú etí, a sì máa tẹ́tí sí èyí tí ìgbín etí bá dá padà. Kì í dun ọmọ, a sì lè ṣe é bí ó ti ń sùn. Bí ìdáhùn kò bá wá, ó lè jẹ́ pé omi ìbímọ ṣì wà nínú etí, tàbí pé ariwo pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń tún un ṣe. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò kejì wà, èyí tí a ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ orí ọmọ láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí etí rán ń dé ọpọlọ.

Òfin tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀lé kò ṣòro láti rántí: oṣù kan, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà. Kí ọmọ tó pé oṣù kan, kí a ti yẹ etí rẹ̀ wò. Kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí a ti mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1998, ìwádìí kan láti ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ọmọ tí a mọ̀ nípa àìgbọ́ràn wọn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà ní èdè ju àwọn tí a pẹ́ kí a tó mọ̀ lọ, ì báà jẹ́ pé àìgbọ́ràn wọn dọ́gba.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn wa kò tíì ní ẹ̀rọ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ìyá ni kì í sì í bímọ ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ní ìlú Èkó, tí Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà ṣáájú wọn, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2008 tí ó fi hàn pé a lè yẹ etí àwọn ọmọ wò ní ibi tí ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ife fún wọn. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé ìyá tí ó bímọ sí ilé agbẹ̀bí pàápàá a máa gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Nítorí náà, ìyá tí ó bá lọ fún abẹ́rẹ́ lè béèrè ibi tí ó súnmọ́ ọn tí a ti ń yẹ etí ọmọ wò.

Níbi tí kò sí ẹ̀rọ, kí ilé máa ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí:

Ọmọ tuntun tí ariwo ńlá òjijì kì í mú kí ó ta gìrì tàbí kí ó ṣẹ́jú.

Ọmọ oṣù mẹ́fà sí méje tí kì í yíjú wá ibi tí ohùn ti ń wá nígbà tí kò rí ẹni tí ń pè é.

Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá tí kì í dá ohùn bí “bàbàbà”, tí kì í sì dáhùn sí orúkọ rẹ̀.

Ọmọ tí ó ti lé ní ọdún kan tí kò tíì ní ọ̀rọ̀ kankan, tàbí ọmọ tí ó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó dákẹ́.

Èyíkéyìí tí ilé bá rí nínú àwọn àmì wọ̀nyí, kí wọ́n má ṣe dúró de ọdún tí ń bọ̀. Ìyá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fura. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìfura rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

LẸ́YÌN ÀYẸ̀WÒ

Ìdílé inú àpẹẹrẹ wa padà lọ. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, òtítọ́ hàn: ó ń gbọ́ ìró díẹ̀ tí ó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Bàbá kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ilé. Àwọn ará ilé bàbá ní ọ̀dọ̀ ìyàwó ni ó ti wá. Àwọn ará ilé ìyàwó náà ní tiwọn láti sọ. Ọ̀rọ̀ báyìí ti tú ọ̀pọ̀ ilé ká, kò sì mú ọmọ kan gbọ́ràn rí. Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ọjọ́ kẹrin ni ó ba etí jẹ́. Ó tún sọ pé nígbà tí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ti ìran, lọ́pọ̀ ìgbà ni bàbá àti ìyá tí wọ́n gbọ́ràn dáadáa jọ ń gbé e fún ọmọ, láìjẹ́ pé ó hàn lára ẹnì kankan nínú wọn. Kò sí ẹni tí a ó dá lẹ́bi.

Wọ́n nílò ẹ̀rọ tí a ń fi sí etí láti mú ìró tóbi. Owó rẹ̀ pọ̀. Ìyá gba èsúsú rẹ̀, bàbá dúró de owó kòkó, ẹ̀gbọ́n bàbá sì fi díẹ̀ kún un. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ náà nígbà tí ẹ̀rọ dé etí rẹ̀. Ó pẹ́ ju bí òfin ti wí lọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ sàn ju ọdún mẹ́rin lọ.

Ẹ̀rọ yìí kì í wo etí sàn. Bí a bá bọ́ ọ sílẹ̀, ìgbọ́ràn inú rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ọmọ fi gbọ́dọ̀ máa lò ó ní gbogbo ìgbà tí ojú rẹ̀ bá là, àfi bí ó bá ń wẹ̀ tàbí bí ó bá ń sùn. Etí ọmọ ń dàgbà, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ apá tí ó wọ inú ihò etí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa súfèé, yóò sì máa já bọ́. Òógùn àti òjò jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Kí a nù ún, kí a sì tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ ní alẹ́. Bátìrì rẹ̀ kéré bí wóró àgbàdo, ewu ńlá sì ni bí ọmọ bá gbé e mì; bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí a gbé ọmọ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Fún àwọn ọmọ kan tí ẹ̀rọ yìí kò ràn lọ́wọ́, iṣẹ́ abẹ wà tí a ń fi gbé ẹ̀rọ mìíràn sínú ìgbín etí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga jù èyí lọ púpọ̀púpọ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù kò gba owó. Ó gba sùúrù. Ẹ̀yìn ni ìyá Yorùbá ń pọn ọmọ sí, ọmọ tí ó wà ní ẹ̀yìn kò sì lè rí ẹnu ìyá rẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó gbé e sí orí itan, kí ojú kan ojú. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, bí àwọn àgbà ti wí, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ mọ́ ẹnikẹ́ni lára tó ọmọ aláìgbọ́ràn. Ní alẹ́, kí fìtílà wà níwájú ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí òkùnkùn má baà bo ẹnu rẹ̀. Kí a sọ orúkọ ohun tí ọmọ ń wò: omi, ṣíbí, ewúrẹ́. Kí a má ṣe pariwo, kí a má sì ṣe yára. Kí ìyá àgbà máa ki oríkì rẹ̀ nítòsí etí tí ẹ̀rọ wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ki ti àwọn yòókù.

ỌWỌ́ NÁÀ Ń SỌ̀RỌ̀

Àwọn ọmọ mìíràn wà tí ẹ̀rọ kò lè mú kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀, àwọn ìdílé kan sì wà tí apá wọn kò ká ẹ̀rọ. Kì í tán nínú igbá osùn kí á má rí fi pa ọmọ lára. Èdè àfọwọ́sọ wà. Èdè gidi ni, ó ní òfin tirẹ̀, a sì lè fi í rojọ́, a lè fi í pa àlọ́, a lè fi í kọ́ ìṣirò. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá kọ́ ọ, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù yìí kò ní ìdí. Ohun tí ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ ni kí ó wà láìní èdè kankan.

Ẹni tí ó gbin irúgbìn èdè yìí sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àrùn yírunyírun di etí rẹ̀. Ní ọdún 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití tí ó ń jẹ́ Gallaudet. Ó dé ilẹ̀ Gánà ní ọdún 1957, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1960 ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ti dá ilé ẹ̀kọ́ tí ó lé ní ọgbọ̀n sílẹ̀ ní Áfíríkà kí ó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní ọdún 1987. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní odi ní àbúlé wọn di olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti inú irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ nìkan bá mọ èdè àfọwọ́sọ, tí ilé rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, àlejò ni yóò jẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìyá àgbà jọ kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ní ti ilé ẹ̀kọ́, òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ní ọdún 2019 de ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi àbùkù ara yọ ènìyàn sẹ́yìn, ó sì fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíramà. Olórí ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà, kí àwọn òbí rán an létí òfin yìí.

OHUN TÍ ILÉ LÈ ṢE LÁTI DÈNÀ RẸ̀

Bí ojú tàbí ara ìkókó bá pọ́n, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn àti àgbo. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé bí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bá le, ó lè ba etí àti ọpọlọ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ní iná aláwọ̀ búlúù kan níbẹ̀ tí ó ń wò ó. Káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ súnmọ́ aṣọ ìkókó rárá, nítorí pé àwọn ọmọ kan wà ní ilẹ̀ wa tí a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò lè gba òórùn rẹ̀, tí yóò sì mú kí ara wọn pọ́n.

Kí a fún ọmọ ní gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní àkókò, nítorí pé èéyi àti yírunyírun a máa di ọmọ létí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ayé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ tuntun tí ó ń dènà ẹ̀yà yírunyírun márùn-ún. Aboyún kò gbọdọ̀ lo oògùn tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kò fún un. Abẹ́rẹ́ gentamicin, tí àwọn kan ń gún láìbéèrè, lè pa irun wẹ́wẹ́ inú etí. Bí etí ọmọ bá ń tú ọyún, kí a má ṣe rọ epo gbígbóná tàbí ìtọ̀ sí i, kí a má sì ṣe fi igi tàbí ìyẹ́ adìyẹ ro ó. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ọmọ inú àpẹẹrẹ wa ti pé ọdún márùn-ún báyìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àlejò a sì máa sọ pé kí ó tún un sọ. Nígbà tí bátìrì bá tán tí owó kò sí, ọwọ́ ni gbogbo ilé fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé, ó ń kà á ní “a, b, d”, bí wọ́n bá sì rán an ní iṣẹ́, ó ń jẹ́ ẹ. Ìyá àgbà, tí ó ti ń tọ́ka sí odó nígbà kan, ni ó máa ń kọ́kọ́ wo etí rẹ̀ ní òwúrọ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí i. Bí àwọn ìyàwó àdúgbò bá sì gbé ọmọ tuntun wá kí i, ìbéèrè kan ni ó máa ń bi wọ́n kí ó tó gbàdúrà: “Ìyàwó, ǹjẹ́ ẹ ti yẹ etí ọmọ yìí wò?”

Ìbéèrè náà ni ó yẹ kí gbogbo ilé máa bi ara wọn.